Best Ogedegbe, Aṣọ́lé

Nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni àwọn ènìyàn máa ń gbé sókè. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọdé máa ń pe ara wọn bí wọ́n bá ń ṣeré ní ìgboro. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún aṣọ́lé. Bí ó bá mú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, tí ọ̀kan ṣoṣo bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni ayé yóò máa rántí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Best Ogedegbe yàn, ó sì ṣe é títí orúkọ rẹ̀ fi kan káàkiri Nàìjíríà.

Ọdún 1954 ni a bí i. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti di gbajúmọ̀, Ìbàdàn náà ni ó sì kú sí. Ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí a ń pè ní IICC nígbà náà, ni ó bá ṣeré. Pápá ìṣeré Liberty tí ó wà ní Ring Road ni àwọn ènìyàn máa ń wọ́ lọ láti Dùgbẹ̀ àti Òkè-Àdó láti wò wọ́n. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ pápá náà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1960. Láti ọdún 2010 ni a ti fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é.

Ní ọdún 1976, Shooting Stars borí ẹgbẹ́ Tonnerre ti ìlú Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Bí a bá pa eré méjèèjì pọ̀, góòlù 4 sí 2 ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife ní ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n ọdún 1980 ni iyì Ogedegbe kún jù lọ. Ní ọdún náà, Nàìjíríà gba àlejò ìdíje Ife Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Otto Glória, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nàìjíríà na Tanzania ní 3 sí 1, òun àti Ivory Coast ta ọ̀mì, ó na Íjíbítì ní 1 sí òdo, ó sì na Mòrókò bákan náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ní Sùúrùlérè, Ogedegbe ni ó wà lójú ilé nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ọ̀kan. Ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì.

Ariwo góòlù mẹ́ta yìí gba ìlú kan. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì pápá. Nínú eré márùn-ún, góòlù kan ṣoṣo ni ó wọ ilé Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jẹ́ pé góòlù kan péré ni Nàìjíríà fi borí. Bí aṣọ́lé àti àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ bá tòògbé ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tí à bá máa sọ lónìí.

Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀, Ogedegbe di olùkọ́, ó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí kò tẹnu sọ tán. Ojú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́. Aṣọ́lé gbọ́dọ̀ ti ibi ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò jáde àti ìgbà tí yóò dúró. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣubú láì ṣèṣe.

Ó dunni pé ojú náà ni ó dà á nígbẹ̀yìn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò bọ̀ sípò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó kú ní Ìbàdàn ní ẹni ọdún 55.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rere ni ìyìn ń tètè bá. Ẹni tí ó ṣọ́ ilé kí ilé má bàa bàjẹ́ ṣe gudugudu méje, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ kí a mọ irú wọn, kí a sì tọ́jú wọn nígbà tí wọ́n wà láàyè. Yin ni yin ni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn.