Percy Julian, ẹ̀wà Kàlàbá àti kẹ́mísírì tí wọn ò kọ́ ọ nílé

Lọ́dún tí mo ṣe WAEC, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan burette. Mi ò purọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní yàrá tí wọ́n kọ Laboratory sí lára ilẹ̀kùn ẹ̀, àmọ́ àga tó ti kán ni wọ́n kó kún inú ẹ̀. Tíṣà kẹ́mísírì wa, èèyàn dáadáa ni o, ẹfun ló máa fi ya burette sójú pátákó. Á ya ásíìdì sókè, á ya flask sísàlẹ̀, á wá ní ká fojú inú wo bí àwọ̀ omi náà ṣe ń yí padà. A fojú inú wò ó títí. Nígbà tó wá dọjọ́ ìdánwò, tí wọ́n lọ yá irinṣẹ́ wá látibòmíì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ṣí ẹnu burette jù, àwọ̀ ti yí padà kí n tó mọ̀ pé ó ti ń yí. F9 ni mo gbà. Bí mo ṣe dèrò poli nìyẹn, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé orí mi ni kò gba kẹ́mísírì. Ìgbà tí mo ka ìtàn Percy Julian ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, torí ẹ̀wà kan tó ti ilẹ̀ wa níbí lọ wà nínú ẹ̀.

Ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1899. Akọ̀wé ni bàbá ẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó. Tíṣà ni ìyá ẹ̀. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá ńlá ẹ̀ sí, ìtàn tó sì wà nínú ẹbí náà ni pé wọ́n gé ìka méjì lọ́wọ́ bàbá yẹn torí pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Nílé tírú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ìwé kíkà ṣeré. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, gbogbo wọn ló sì lọ sí yunifásítì.

Àmọ́ Montgomery ìgbà yẹn kò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kankan tí ìjọba kọ́ fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Tí o bá ti parí kíláàsì kẹjọ, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níṣẹ́ olùkọ́ ló kù tó lè lọ. Ibẹ̀ ni Percy lọ, ó sì jáde lọ́dún 1916. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ kò tó nǹkan tí yunifásítì ń béèrè, pàápàá tó bá di ti sáyẹ́ǹsì.

Lọ́dún yẹn kan náà, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí DePauw University, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Greencastle, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ibẹ̀ ni apá tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí wà. Wọ́n gbà á wọlé, àmọ́ wọn ò kà á kún ọmọ ọdún kìíní tòótọ́. Lọ́sàn-án, ó ń ṣe iṣẹ́ ọdún kìíní pẹ̀lú àwọn ọmọ òyìnbó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gba kíláàsì girama lọ, á jókòó, á máa kọ́ nǹkan táwọn tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì lọ́sàn-án ti kọ́ parí nílé wọn. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rò ó wò: láàárọ̀ ẹ̀ ń ṣe 100 level, nírọ̀lẹ́ ẹ tún wọ SS1.

Tó bá jẹ́ pé ìwé nìkan ni, ì bá tún sàn. Wọn ò gbà á sí hostel. Ilé tó kọ́kọ́ dé sí, wọn ò fún un lóúnjẹ níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń wá ibi tí wọ́n á ti ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú kiri ìlú. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ sílé ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin yunifásítì kan. Ó ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó ń koná sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn móoru, òkè àjà ilé náà ni wọ́n sì fún un pé kó máa sùn. Àwọn tó ń bù fún lọ́sàn-án náà ló máa bá pàdé ní kíláàsì.

Tíṣà kan tó ń jẹ́ William Blanchard ló ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì. Òun ló jẹ́ kí Percy mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lòun máa fi ayé òun ṣe. Nígbà tó di 1920 tí wọ́n ń jáde, ọmọ tó ń sùn lókè àjà ló gbapò kìíní.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa ṣe báyìí. Wọ́n á gé ibí yìí jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn lórí WhatsApp, wọ́n á ní ẹ wò ó, kò ní láàbù, kò ní hostel, ó gba ipò kìíní, kí ló ń ṣe tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Percy kan ṣoṣo la mọ orúkọ ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kẹjọ ní Montgomery ńkọ́? Àwọn náà lórí, ta ló wá wọn lọ?

Ipò kìíní yẹn gan-an, wọn ò jẹ́ kó jẹ èrè ẹ̀. Àwọn tó fìdí rẹmi sẹ́yìn ẹ̀ rí owó ìrànlọ́wọ́ láti tẹ̀síwájú, wọ́n ní kí òun lọ máa kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ níwèé, ó sì lọ sí Fisk University lọ ṣe tíṣà. Ó dé Harvard, ó gba másítà níbẹ̀ lọ́dún 1923, àmọ́ wọn ò fún un níṣẹ́ kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ òyìnbó ò ní fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kọ́ wọn. Àìsí iṣẹ́ yẹn ló dínà mọ́ PhD ẹ̀. Ó di 1929 kó tó rí owó tó gbé e lọ sí Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Ọdún 1931 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ìgbà yẹn ló sì tó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn kàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán, kó wọ ilé oúnjẹ tó bá wù ú.

Ẹ̀wà tí mo sọ wá kàn báyìí. Àwọn Efik ní Kàlàbá ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Májèlé gidi ni. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, òun ni wọ́n á fún jẹ: tó bá pọ̀ ọ́, ó yè, tó bá kú, wọ́n ti dájọ́ ẹ̀ nìyẹn. Àwọn míṣọ́nnárì kó o dé Scotland, nígbà tó sì di 1864, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ti yọ májèlé inú ẹ̀ sọ́tọ̀. Physostigmine ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú ẹ̀ ń dín ohun tó ń fún ojú láti inú kù nínú àìsàn glaucoma, èyí tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ láìlo ẹ̀wà náà.

Percy padà sí DePauw lọ́dún 1932, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Josef Pikl tó bá a láti Vienna wá. Wọ́n gbá iṣẹ́ náà mú. Àmọ́ ẹnì kan ti ń ṣe é ṣáájú wọn: Robert Robinson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ọ̀kan lára àwọn tórúkọ wọn tóbi jù láyé nínú kẹ́mísírì. Robinson ti ń gbé ìwé jáde pé òun ti ń súnmọ́ ọn. Percy wo iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó wo tiẹ̀, ó rí i pé wọn ò bára mu. Ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé kà pé Robinson ló ṣìnà. Tó bá jẹ́ òun ló ṣì í ni, ó ti tán fún un nìyẹn. Ta ló máa gba aláwọ̀ dúdú tó bú ọ̀gá Oxford tí kò sì rí i ṣe?

Ohun tó fi jàre nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ ọ́n láti SS1: nǹkan tó bá mọ́, tí wọn ò lú nǹkan kan mọ́, ní ìwọ̀n ooru kan pàtó tó ti máa ń yọ́. Percy mú èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ó mú èyí tó wá látinú ẹ̀wà Kàlàbá, ó yọ́ méjèèjì. Ìwọ̀n ooru kan náà ni wọ́n ti yọ́. Ti Robinson ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1935 nìyẹn. Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà mélòó kan, ẹ̀rín sì máa ń pa mí ṣáá. Ẹ̀kọ́ girama, èyí tó lọ ń kọ́ nírọ̀lẹ́ yẹn, irú ẹ̀ ló parí ìjà.

Kí ni DePauw fi san án fún un? Wọn ò fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, torí àwọ̀ ẹ̀. Iléeṣẹ́ DuPont pe òun àti Pikl fún iṣẹ́, wọ́n gba Pikl. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣèwádìí nípa bébà ní ìlú Appleton fẹ́ gbà á, òfin ìlú yẹn ò sì jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sùn síbẹ̀ mọ́jú. Iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Chicago, Glidden, ló wá gbà á lọ́dún 1936, wọ́n fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀wà sóyà.

Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, wọ́n sáré pè é pé omi ti jò wọnú tánkì òróró sóyà tó gba ọ̀kẹ́ márùn-ún gálọ́ọ̀nù, nǹkan funfun kan sì ti dì sísàlẹ̀. Ẹlòmíì máa ní kí wọ́n dà á nù. Àmọ́ Percy ti rí irú nǹkan funfun yẹn rí ní DePauw, nínú òróró ẹ̀wà Kàlàbá tí omi kàn. Ó mọ̀ pé èròjà yẹn ṣeé sọ di progesterone, èyí tí àwọn dókítà ń lò kí oyún má bàa wálẹ̀, tó sì wọ́n bí ojú nígbà yẹn. Bó ṣe sọ òróró tó bàjẹ́ di oògùn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún wá ọ̀nà láti fi sóyà mú cortisone rọrùn, ìyẹn oògùn àwọn tí oríkèé ara ń dá lóró. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà náà fi nǹkan tó ń hó bí ọṣẹ, tó jáde látinú sóyà ẹ̀, paná nínú ọkọ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Lọ́dún 1950, ó ra ilé sí Oak Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Wọ́n gbìyànjú láti sun ilé náà kí wọ́n tó kó wọbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ju dáínámáìtì sí i. Òun àti ìyàwó ẹ̀, Anna, tóun náà gba PhD, kò kó kúrò. Ó dá iléeṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1953, ó tà á lọ́dún 1961 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ó kú lóṣù kẹrin ọdún 1975. DePauw tí kò fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ pe ilé tí wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mò ń kọ èyí, mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan burette rí. Ó ní rárá, àmọ́ tíṣà wọn ti fi fídíò ẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù.