Abdou Moumouni, ọmọ Niger tó fi oòrùn se omi

Kò sẹ́ni tó máa rìn ní Adakpamé, nílùú Lomé, lọ́sàn-án gangan, tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé oòrùn lágbára. Páànù orí ilé á gbóná débi pé èèyàn ò ní lè fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin kan wà ní Niger tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣe máa wúlò fún wa. Abdou Moumouni Dioffo ni.

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Tessaoua. Ó kàwé ní Senegal, ó kọjá sí Paris, ó sì yege ìdánwò agrégation nínú físíìsì lọ́dún 1956. Ìdánwò yìí le gan-an, àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó tíì yege nínú ẹ̀ nígbà náà ò pọ̀ rárá.

Ó lè jókòó sí Faransé kó máa jẹun tiẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Guinea kọ ti de Gaulle lọ́dún 1958, tí Faransé fìbínú kó àwọn olùkọ́ rẹ̀ kúrò, Moumouni wà lára àwọn tó gbéra lọ síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ. Joseph Ki-Zerbo, gbajúmọ̀ onítàn nì, náà lọ.

Lẹ́yìn náà ló gba Moscow lọ láti mọ̀ sí i nípa agbára oòrùn. Ó ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Bamako, ó sì padà sílé lọ́dún 1969 láti darí ONERSOL, iléeṣẹ́ agbára oòrùn ní Niamey, títí di ọdún 1985.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú omi gbóná ló gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Kò sí ìdán níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní dúdú ló ń gba ooru, gíláàsì tó bò ó kì í jẹ́ kí ooru náà tètè sá lọ. Omi inú páìpù tó bá ti gbóná á fúyẹ́, á gòkè lọ sínú táǹkì, omi tútù á sọ̀kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò epo.

Lójú tiwa, ohun tó jọni lójú ni pé Niamey níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ wo sólà tó wà lórí ilé wa lónìí, ilẹ̀ China ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá.

Moumouni tún kọ ìwé kan lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà lọ́dún 1964. Ó ní èdè abínibí ló yẹ ká fi máa kọ́ àwọn ọmọ wa. (Bí a ṣe ń fi Yorùbá ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ yìí, a gbà pé inú rẹ̀ ì bá dùn sí i.)

Ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì Niamey lọ́dún 1979, ó sì wà nípò náà títí di 1982. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1991 ló kú. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì náà ń jẹ́ báyìí.