Hanna Reitsch: Obìnrin Jámánì tó kọ́ àwọn ọmọ Gánà ní bàálù wíwà

Ìgbàkígbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Heipang, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ta ló kọ́ ẹni tó ń wà á? Lọ́dọ̀ tiwa, iléèwé àwọn awakọ̀ bàálù ti wà ní Zaria látọdún 1964. Àmọ́ Gánà náà ní iléèwé kan láyé Nkrumah, ní Afienya, nítòsí Tema. Obìnrin òyìnbó kan ló ń darí ẹ̀. Ìtàn obìnrin yẹn ni mo mú wá lónìí, torí ó kan àwa tá à ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀.

Hanna Reitsch lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 29, oṣù kẹta, 1912 ni wọ́n bí i ní Hirschberg, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Dókítà ojú ni bàbá ẹ̀, ó sì fẹ́ kọ́mọ náà ṣe dókítà. Hanna gbà, àmọ́ èrò tiẹ̀ ni pé òun máa di dókítà míṣọ́nnárì tó ń fi bàálù kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ dókítà ò bọ́ sí i, bàálù ló gbà á lọ́kàn pátápátá. Èèyàn kúkúrú ni, kò sì sanra, àmọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Nígbà tó fi máa di 1933, ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì ní bàálù ní Hornberg. Ní 1938, ó wa hẹlikọ́pítà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Berlin, lábẹ́ òrùlé o, lójú àwọn èrò.

Ibi tó korò nínú ìtàn ẹ̀ rèé, mi ò sì ní fò ó. Hitler ló ṣiṣẹ́ fún. Òun ló ń dán àwọn bàálù ogun tuntun wò kí wọ́n tó kó wọn jáde. Ọ̀kan já a bọ́ ní 1942, ojú ẹ̀ fọ́, ó pẹ́ ní ọsibítù. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá. Ní 1944, ó lọ bá Hitler fúnra ẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn awakọ̀ tó bá gbà láti kú máa fi bàálù já lu ọ̀tá. Nígbà tó di ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, 1945, táwọn ará Rọ́ṣíà ti yí Berlin ká, òun àti ọ̀gágun von Greim fi bàálù kékeré wọ ìlú náà. Ọta ba ẹsẹ̀ ọ̀gágun, Hanna na ọwọ́ kọjá èjìká ẹ̀, ó sì gbé bàálù náà balẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Hitler fi pa ara ẹ̀.

Àwọn òbí Hanna ti sá lọ sí Salzburg nígbà náà. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá àwọn tó sá wá padà síbi tí wọ́n ti wá, lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Bàbá ẹ̀ pa ìyàwó ẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin kejì àtàwọn ọmọ ìyẹn, ó sì pa ara ẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà mú Hanna ní tiẹ̀, ó lò ju ọdún kan lọ ní àtìmọ́lé.

Ní 1959, ó lọ sí Íńdíà, ó gbé Nehru lọ sókè. Ní 1962, Nkrumah ní kó wá sí Gánà, kó wá dá iléèwé sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́.

Bàálù tí wọ́n ń lò ní Afienya kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lè so okùn wáyà gígùn mọ́ irú bàálù bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ kan lókèèrè máa ká okùn náà kíákíá, kó sì gbéra bíi káìtì tọ́mọdé ń fà sáré. Tó bá ga tán, wọ́n á tú okùn sílẹ̀. Látìgbà yẹn lọ, ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ ló máa gbé e dúró. Ṣé ẹ ti rí àwòdì lọ́sàn-án gangan, tó ń yí po lójú kan tí kò ju apá? Ooru yẹn ló gbé e. Ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ náà nìyẹn: bó ṣe máa wá ooru rí, bó ṣe máa yí nínú ẹ̀ láì jáde, àti ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀ kó wálẹ̀. Tó bá ti ń bọ̀ nílẹ̀, kò sí pé jẹ́ n tún un ṣe. Olùkọ́ á jókòó sẹ́yìn, ọmọ á wà níwájú, ọ̀pá ìdarí á wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Olùkọ́ ní láti mú sùúrù kí ọmọ rí àṣìṣe ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ jù kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ kan á wá pé tí olùkọ́ á bọ́ sílẹ̀, tí ọmọ á dá lọ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ẹni tó sin ìjọba tí ò ka aláwọ̀ dúdú sí èèyàn ṣe wá jókòó sẹ́yìn ọmọ dúdú, tó fi ẹ̀mí ara ẹ̀ sí i lọ́wọ́. Òun náà kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 1968, ó sì jẹ́wọ́ pé Gánà ló yí ojú tóun fi ń wo aláwọ̀ dúdú padà. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ títí tó fi darúgbó, kò tijú àmì ẹ̀yẹ Hitler yẹn. Oníṣòwò ni mí, mo mọ ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn ọjà. Síbẹ̀, ohun tó kọ́ àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ayédèrú.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, 1966, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah nígbà tó wà ní ìrìn àjò. Èèyàn Nkrumah ni wọ́n mọ Hanna sí, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Aláàtà lọ́hùn-ún, ṣì ń tajà tiwọn. Ní oṣù kọkànlá, 1969, ó kàn wọ́n: Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. (Kì í ṣe Ghana-must-go ti 1983 o, ìyẹn ni tiwa tá a fi lé wọn.) Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín.

Àwọn yẹn rí ìlú baba wọn padà sí. Hanna ò rí. Hirschberg ti di ìlú àwọn ará Poland látìgbà tógun parí, orúkọ ẹ̀ gan-an ti yí padà sí Jelenia Góra. Frankfurt ló padà sí, ó sì ń wa bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó fi lé lọ́gọ́ta ọdún. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, 1979. Salzburg ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àti ìyá ẹ̀.