Olóògbé Àìná Ọnàbólú, Ayàwòrán Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ọdún 1882 ni a bí Àìná Ọnàbólú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láìsí olùkọ́ ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó, tí ó sì ń yà á. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó fi ọ̀dà olóròóró ya Dókítà Sapara. Lọ́dún náà ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ará, ọ̀dà yìí kò fẹ́ ìkánjú. Àwọ̀ lílọ̀ tí a fi òróró pò ni, ó sì ń pẹ́ gbẹ. A ó kọ́kọ́ fi àtè pa ojú aṣọ náà, kí òróró má baà jẹ ẹ́. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni a ń fi tọpẹntáìnì là kí ó fẹ́lẹ́. Ti òkè ni òróró rẹ̀ ń pọ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà, àwòrán rẹ̀ yóò sán.

Ní 1922 ó padà dé, ó sì ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwa olùkọ́ mọ bí èyí ti wúwo tó fún ẹnì kan. Ó bẹ ìjọba fún olùrànlọ́wọ́ títí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Ní 1963 ni ọlọ́jọ́ dé.