Herbert Macaulay: Ọmọ Ilé Wa, Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà bá dé, tí a bá péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, CMS Grammar School, a kì í ṣàì dárúkọ Herbert Macaulay. Àmọ́ orúkọ lásán ni à ń dá nígbà púpọ̀. Àwọn ọmọ wa mọ túbọ̀mu rẹ̀ tí ó nà sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ti gbọ́ pé àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà kan tí ìjọba tẹ̀ ní 1979. Wọ́n sì mọ òpópónà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Yábàá. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni irú ènìyàn tí ó jẹ́ nínú ilé rẹ̀, ní ìgboro, láàfin ọba àti nínú ẹ̀wọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí a sì sọ ọ́ tọ̀tún tòsì. Bí a bá yọ èyí tí ó dùn sọ, tí a fi èyí tí ó korò sílẹ̀, baba mìíràn ni a ó fi han àwọn ọmọ, kì í ṣe baba tí a ní.

Inú agbo ilé Ọlọ́run ni wọ́n bí i sí. Baba ìyá rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí Ọlọ́run sì gbé ga títí tí wọ́n fi yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864. Ọdún kan náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ni Abigail ọmọ Crowther bí Herbert sí ìlú Èkó. Bàbá ọmọ náà ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní 1859, pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré, nínú ilé kékeré kan tí à ń pè ní Cotton House ní Broad Street, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kápténì James Pinson Labulo Davies ni ó fi 50 pọ́n-ùn ra ìwé àti ohun èlò fún wọn. Àwa tí a jókòó sínú kíláàsì lẹ́yìn ìgbà náà, orí ohun tí àwọn wọ̀nyí fi lélẹ̀ ni a jókòó lé.

Ní 1877 ni Herbert wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí baba rẹ̀ ń ṣe olórí rẹ̀. Ọdún kejì kò tí ì jìnnà nígbà tí baba náà kú, ní 1878. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ó wà nígbà náà, ó sì ń lọ ń bọ̀ lójoojúmọ́ nínú ọgbà tí ohùn baba rẹ̀ ti dákẹ́. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1880, ó sì gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀nà àti ilé. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwọnlẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther pa ojú dé ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ó padà dé ní 1893, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni òun àti òyìnbó ń ṣe, tí owó wọn kò sì dọ́gba. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì di awọnlẹ̀ aládàáni. Oṣù Kérésìmesì ọdún náà ni ó gbé Caroline Pratt níyàwó. Ayọ̀ náà kò pẹ́ ọdún kan, nítorí Caroline kú lórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ ní 1899. Macaulay kò tún ṣe ìgbéyàwó mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ́yìn náà. Ó bí ọmọ, ó sì di baba fún wọn, ṣùgbọ́n kò tún mú obìnrin kankan lọ síwájú pẹpẹ. Àwọn aládùúgbò ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn àṣà àrà ọ̀tọ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, ọgbẹ́ tí kò jiná ni.

Àṣà àrà ọ̀tọ̀ mìíràn kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòtù funfun àti táì onílabalábá ni aṣọ tí gbogbo Èkó fi mọ̀ ọ́n. Ó ń ta fáyólìnì, ó sì fẹ́ràn orin àti àpéjọ orin láti ìgbà èwe rẹ̀. Ilé rẹ̀, Kirsten Hall ní òpópónà Balbina, kì í dá. Ìjòyè onífìlà funfun, alájàpá, akọ̀wé ìjọba àti òpìtàn ni a lè bá níbẹ̀ pọ̀. Ó ní àwọn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wá fún un láti ilé iṣẹ́ ìjọba, débi pé ìwé tí gómìnà rò pé àṣírí ni máa ń di ohun tí ará ọjà ń sọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ejò-ńgboro: bí ejò ni ó ń yọ́ kiri, kò sì sí ihò tí kò lè wọ̀. Àwọn òyìnbó kórìíra ọgbọ́n yìí. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yangàn nítorí pé tiwọn ni ejò náà.

Ohun tí ó yẹ kí a ronú lé ni bí ọmọ-ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ṣe di ẹni Ìsàlẹ̀ Èkó. Láyé ìgbà náà, ojú ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ Sàró tí ń gbé Marina àti Broad Street fi ń wo àwọn tí ń gbé ní àyíká Ìgà Ìdúngànrán. Àwọn ti Marina kàwé, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń wọ aṣọ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ àwọn ti Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ apẹja àti ọlọ́jà tí kò mọ ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó omi kọ́kọ́ dé ní 1908, Macaulay wà pẹ̀lú àwọn tí ó sọ pé kànga àwọn tó àwọn mu, àti pé kò tọ́ kí tálákà máa san owó omi tí a fà nítorí ìtura òyìnbó. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ìmọ̀ awọnlẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ lọ́dọ̀ wa jà fún àwọn tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìjà tí ó tóbi jù ni ti ilẹ̀ Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní kì í ṣe Olóyè Olúwa, Àmọ̀dù Tìjání, ni ó ni ín ní ti tòótọ́. Olóyè Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1920, òun àti Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá a pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ohun onílẹ̀. 22,500 pọ́n-ùn ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Ìdájọ́ náà kò mọ sí Èkó. Àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ mìíràn ń tọ́ka sí i títí di òní.

Ayọ̀ yìí mú ìbànújẹ́ bá ọba. Macaulay sọ ọ̀rọ̀ ńlá nípa ipò Elékòó fún àwọn oníwèé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, inú sì bí ìjọba. Wọ́n ní kí ọba rán agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọba kọ̀ láti lu agogo, ìjọba sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní 1925, wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Macaulay kò fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń kọ̀wé, tí ó ń kó owó jọ, tí ó sì ń ti ẹjọ́ náà láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn. Ní 1931, lẹ́yìn tí Privy Council ti sọ pé ìjọba kò lè lé ènìyàn kúrò nílùú láìsí pé òfin fún un láyè, Elékòó padà sí Èkó. Ó wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nílé ni ó ti wàjà.

A dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìrántí máa ń fò. Ní 1913, ilé ẹjọ́ dá Macaulay lẹ́bi lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ní 1928, ó tún lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n nítorí ìròyìn tí Lagos Daily News, ìwé ìròyìn tirẹ̀, gbé jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Elékòó. Nítorí ẹ̀wọ̀n yìí, kò lè du ipò kankan. Nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, 1923, ẹgbẹ́ náà gba gbogbo ipò mẹ́ta tí a fún Èkó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ni ó wọlé jókòó. Òun ni ó kọ́ ilé náà. Ìta ni ó dúró sí. Ẹnu rẹ̀ sì mú jù nígbà mìíràn. Bí ó ṣe bá Henry Carr jà ní 1924, ọ̀mọ̀wé tí ó ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó dúró tì í. Ẹni tí ó bá ń rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò, ọkùnrin nìkan sì ni. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ń darí kò ní ìbò kankan láti fi san oore fún un, ṣùgbọ́n wọn kò yé tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement fi ìbò lé ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní 1938, ọ̀pọ̀ rò pé ọjọ́ rẹ̀ ti wọ̀. Ní 1944, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 79, àwọn ọ̀dọ́ wá a wá, wọ́n sì fi í ṣe ààrẹ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé.

Ní 1946, ó dìde pẹ̀lú wọn láti rin ìrìn-àjò yí Nàìjíríà ká, láti ta ko òfin tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Ẹni ọdún 81 ni. Àìsàn dá a dúró ní Kánò, wọ́n sì gbé e padà wá sí Èkó, níbi tí ó ti kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé itẹ́ òkú Ìkòyí: Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, ìjòyè, ọlọ́jà. Oged, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn ọ̀dọ́ Zikist tí ìjọba òyìnbó dá lẹ́jọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Àwọn ìwé rẹ̀ sì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kà wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ilé-ẹ̀kọ́ wa ti kúrò ní Broad Street. Láti 1959 ni a ti wà ní Bàrígà. Àwọn ọmọ tí ẹ ń rán wá kò mọ Balbina, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé Ìgà Ìdúngànrán rí. Ẹ mú wọn lọ. Ẹ fi ibi tí bàbá náà ti ń rìn hàn wọ́n. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ túbọ̀mu àti fáyólìnì, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, ẹ má ṣe pa á mọ́ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ó ṣubú ní ojú gbogbo ìlú, àti pé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìṣubú náà, ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn láìjókòó lórí àga kankan nínú ìjọba. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní rò pé ìṣubú kan ni òpin ayé. Kí Ọlọ́run tẹ́ baba wa sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì máa ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa.