Israel Kamakawiwoʻole: Sànmọ̀rí Olórin Hawaii

Ká tó pe orúkọ ọkùnrin yìí tán, ahọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá fi orin òṣùmàrè rẹ̀ sí i lórí rédíò báyìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa dá ohùn náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Israel Kamakawiwoʻole là ń sọ, Iz làwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é. Honolulu ní Hawaii ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1959. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hawaii di ìpínlẹ̀ àádọ́ta lábẹ́ Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Ọmọ Niʻihau ni ìyá rẹ̀, erékùṣù kékeré tí wọ́n ṣì ti ń sọ ojúlówó èdè Hawaii. Moe Keale, arákùnrin ìyá rẹ̀, gbajúmọ̀ olórin ni. Lọ́dún 1976, Israel àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Skippy, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Makaha Sons of Niʻihau sílẹ̀. Èdè baba wọn ni wọ́n fi ń kọrin, èdè tí òfin ọdún 1896 ti lé kúrò níléèwé.

Àmọ́ ara sísan ń bá wọn jà. Lọ́dún 1982, ọkàn Skippy daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni ọdún 28 péré ni. Israel náà sanra débi pé nígbà kan, ó wọ̀n ju 340 kílò lọ. Ìwọ̀n èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn!

Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1988, nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n pe Milan Bertosa tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ pé Israel fẹ́ kọrin. Wọ́n ní láti wá àga irin ńlá tó lè gbé e. Ó gbé úkúlélé, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, ó kọrin Over the Rainbow lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Bertosa tọ́jú téèpù náà fún ọdún márùn-ún.

Ìgbà tí Israel kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún 1993, tó ṣe àwo Facing Future, ni wọ́n tó fi orin yẹn síta. Kì í sì í ṣe òun ló ṣí àwo náà. Hawaiʻi '78 ni, tí Mickey Ioane kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Orin náà ń béèrè bí yóò ṣe rí lára àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n bá padà wá rí ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ wọn ṣe. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ṣáájú, ní 1893, ni àwọn oníṣòwò tí sójà Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn wọn gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Liliʻuokalani. Israel ò fi ìbínú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Lójú tèmi, adùn ohùn rẹ̀ nìkan layé mú, wọ́n fi ẹjọ́ tó ń rò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1997, èémí dínkù, ó kú lẹ́ni ọdún 38. Wọ́n sọ àsíá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ dé ìdajì òpó, wọ́n sì tẹ́ òkú rẹ̀ sí ilé ìjọba nínú pósí igi koa. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló wá. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú òkun ní Mākua.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù àti ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í lo orin òṣùmàrè yẹn káàkiri. Lọ́dún 2010, òun ló gba ipò kìn-ín-ní ní Jámánì, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.