Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, Baba Ọmọ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti fi ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kọ́ ọmọ títí. Apá kan nínú rẹ̀ tí a kì í sábà fẹnu bà ni ti baba àti ọmọ.

Ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú ní 1822. Ní Sàró ni ó ti kàwé, tí ó sì fẹ́ ìyàwó. Ọdún 25 kọjá kí ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Abigail ọmọ rẹ̀ ni ó bí Herbert Macaulay ní 1864, ọdún kan náà tí bàbá jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn olóṣèlú wa má ṣe gbàgbé èyí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ alẹ́ bàbá korò. Ní Onítsha, ní 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí ó tó bí lọ́mọ fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá Dandeson ọmọ rẹ̀ dúró níṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Lójú tiwa, ìwọ̀sí gbáà ni. Bàbá dìde, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Dandeson kò jẹ́ kí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ parun. Ní 1892, òun àti ìjọ Bonny pẹ̀lú àwọn ìjọ mìíràn ní ẹnu odò Ọya dá dúró, wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ àlùfáà wọn. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ́. 1938 ni ó tó kú.